Búùtù Àbíkẹ́

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì ọdún 1999, mo gbé búùtù obìnrin kan kúrò lórí máàtì ọ̀tún, mo gbé e sórí máàtì òsì. Kò pẹ́ tó kéèyàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Búùtù aláwọ̀ ilẹ̀ ni, irun funfun yí ẹnu rẹ̀ ká, yìnyín ṣì ń yọ́ lára rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ni ín. Àbíkẹ́ ni, Ìyá Alameen, tó ń gbé ní àjà kẹsàn-án nínú ilé gogoro kan náà tí èmi àti Kàfáyàtù ìyàwó mi ń gbé ní Weston, nílùú Toronto.

Kì í ṣe Àbíkẹ́ ni mo bá jà. Alhaja Oyèbísí Akíndúró ni mo bá jà. Ṣùgbọ́n búùtù Alhaja ló wà níwájú pátápátá, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Ti Àbíkẹ́ ló wà létí, níbi tí ọwọ́ mi dé.

Bí bàtà ṣe di ohun tí wọ́n ń fi dìbò lọ́dọ̀ wa nìyí. Nígbà náà, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa ń lo yàrá ńlá kan ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn fún ìrun Jímọ̀ àti fún ìpàdé. Àwọn ọkùnrin a jókòó níwájú, àwọn obìnrin a wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Tí a bá fẹ́ yan olóyè, ẹni tó bá fẹ́ Lágbájá á dìde lọ sápá ọ̀tún, ẹni tó bá fẹ́ Tẹ̀mẹ̀dù á lọ sápá òsì, alága á wá ka orí. Obìnrin kì í jáde lẹ́yìn kọ́tìnì, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í ka orí tiwọn. Àwọn ló ń se oúnjẹ ìṣínu, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, àwọn ló ń wẹ òkú obìnrin, ṣùgbọ́n wọn kì í mọ ẹni tó di alága àfi tí ọkọ wọn bá délé tó sọ fún wọn.

Alhaja Oyèbísí ló kọ́kọ́ sọ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi sọ ọ́. Ó ní ẹni tó ru ẹrù yẹ kó mọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ. Alága wa, olóògbé Alhaji Akíndàmọ́lá, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀rọ̀ síwájú. Ó ní òun ò lòdì sí i, pé àwọn obìnrin fúnra wọn ni kò fẹ́. Ó ní bí gbogbo wọn, láìku ẹyọ kan, bá lè sọ pé àwọn fẹ́ máa dìbò, òun á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Mọ́kàndínlógún ni àwọn obìnrin wa nígbà náà. Àwọn kan ò lè dúró níwájú ọkọ wọn kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Àwọn kan ò mọ̀wé kọ. Alhaja rò ó títí, ó wá bá alága, ó ní ṣé gbogbo wa kọ́ la ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni. Kí wọ́n tẹ́ máàtì méjì, irú èyí tí wọ́n ń to búùtù lé nígbà òtútù kí omi yìnyín má bàa ba ilẹ̀ jẹ́. Obìnrin tó bá fẹ́, kó bọ́ búùtù rẹ̀ sórí máàtì ọ̀tún. Èyí tí kò bá fẹ́, kó bọ́ tirẹ̀ sórí ti òsì. Bàtà á bá ẹni tó ni ín dúró. Alága rẹ́rìn-ín títí, ó gbà. Ó ní kí wọ́n wá ẹnì kan tó máa ṣọ́ bàtà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi ni wọ́n mú. Wọ́n ní n kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Gbogbo wọn ni mo ń bá yan odì nígbà náà.

Ohun tí Alhaja fi ṣẹ̀ mí kò ju báyìí lọ. Nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún 1997, alága fún mi níwèé kan pé kí n ka orúkọ àwọn tó máa gbé oúnjẹ ìṣínu wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ìwé kẹrin ni mo kà dé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bàbá mi fi kú, tí wọ́n fi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń lẹ táyà ní Mókọ́lá n’Íbàdàn. Mo lè kàwé, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà ni mo ṣe ń kà á. Mo dé orí orúkọ kẹta nígbà tí Alhaja jáde lẹ́yìn kọ́tìnì, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní, “Gbé e wá, Mùnírù, jẹ́ kí n bá ọ kà á, oúnjẹ ń tutù.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, n ò jẹ oúnjẹ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde mọ́. Búrẹ́dì tí mo rà fúnra mi ni mo ń fi ṣínu, ọbẹ̀ rẹ̀ á sì máa ta sánsán níwájú mi.

Lọ́jọ́ bàtà yẹn, wọ́n ti wọlé lọ kírun Àìlà, ó ku èmi nìkan lẹ́nu ọ̀nà. Búùtù obìnrin mọ́kàndínlógún ló wà lórí máàtì ọ̀tún, wọ́n tò méjì-méjì bí ẹni tó wà ní sáfù ìrun. Ti ìyàwó mi wà níbẹ̀. Máàtì òsì ṣófo. Mo wò ó, mo ní obìnrin yìí á tún rẹ́rìn-ín lónìí. Ọwọ́ mi bá lọ.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, alága jáde wá ka bàtà. Obìnrin méjìdínlógún ló wà lápá ọ̀tún, ẹyọ kan wà lápá òsì. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní kí wọ́n lọ fẹnu kò láàárín ara wọn ná. Àbíkẹ́ jáde, ó rí búùtù rẹ̀, ó ní òun kọ́ ló bọ́ ọ síbẹ̀. Ó fi Ọlọ́run búra. Wọ́n bojú wò mí, wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan kọjá. Mo ní ẹnikẹ́ni ò kọjá. Lóòótọ́ sì ni, ẹnikẹ́ni ò kọjá.

Wọ́n wá rántí pé ọkọ Àbíkẹ́ àti alága jọ ń wọ ọkọ̀ kan lọ síbi iṣẹ́ ní Bolton, níbi tí wọ́n ti ń to ẹrù sínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí gbàràmù-gbaramu wọ̀nyẹn. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ló yí i lọ́kàn padà. Alhaja ò bú u. Ó kàn wò ó, ó ki ẹsẹ̀ bọ búùtù tirẹ̀, ó lọ. Àwọn méjèèjì yìí, ọkọ̀ òfurufú kan náà ni wọ́n jọ wọ̀ wá sí Toronto, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń sùn lọ́dún tí wọ́n dé. Kí yìnyín ọdún yẹn tó yọ́ tán, Àbíkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Bolton pátápátá. Òun àti Alhaja ò kí ara wọn mọ́.

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta báyìí, n ò sì ní ṣe aláìmoore, ara mi le. Mo ní ṣọ́ọ̀bù táyà kékeré kan nítòsí Weston Road. Bí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti já báyìí, àwọn tó ti ń sọ pé àwọn ò nílò táyà òtútù á tò sẹ́nu ọ̀nà mi, èmi náà á sì jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n lè ronú. Àwọn ọmọ mi ti ní ilé tiwọn. Òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Kàfáyàtù ṣì ń se ọbẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Kí lèèyàn tún ń wá?

Hikmat, ọmọ àbúrò Kàfáyàtù, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti di ọdún méjì tó ti Ìbàdàn dé, ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Scarborough. Ọmọ náà mọ Yorùbá dáadáa. Ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìkan ló ń sọ òyìnbó. Nínú oṣù kìíní ọdún yìí, ẹgbẹ́ ní kó bá àwọn kó ìtàn ayé Alhaja Oyèbísí jọ sínú ìwé kékeré kan, nítorí pé Alhaja ń pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ẹni tó jẹ́ kí ìyá wọn máa dìbò. Alhaja ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Scarborough. Ní gbogbo Sátidé, èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé Hikmat lọ, Kàfáyàtù á sì tẹ̀ lé wa kó lè kí Alhaja.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ títí wọn á fi ṣe tán. Kàfáyàtù ní kí n sọ̀kalẹ̀, pé òun ò fẹ́ ajá tó ń ṣọ́ ọkọ̀. Mo wọlé. Alhaja ti kéré sí i. Ó wé ìborùn funfun, ó jókòó létí fèrèsé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Ọmọ rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín wá. Mo ní mo ti yó.

“Mùnírù,” Alhaja ní, “o ò tíì jẹ oúnjẹ mi láti ọdún 1997. Ṣé o ṣì yó ni?”

Kàfáyàtù rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Ó yà mí lẹ́nu, n ò mọ̀ pé ó ṣàkíyèsí. Mo ní kí wọ́n gbé e wá. Mo jẹ méjì, mo sì máa ń jẹ méjì ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn náà. Mọ́ínmọ́ín náà dáa, n ò lè purọ́.

Hikmat gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kó lè gba ohùn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó gbọ́ ìtàn ẹni tí mo ti ń bá ṣọ̀tá láìmọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, nílé àwọn tó ń hun òfì. Ó ní òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà ìbò ọdún 1959, tí ìyá òun jí ní ìdájí, tó wé gèlè tó dáa jù lọ, tó mú òun dání lọ tò. Olówó kan ládùúgbò wọn ló wà níwájú ìyá rẹ̀. Nígbà tó kan olówó yẹn, wọ́n fún un ní ìwé kan. Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, wọ́n fún òun náà ní ìwé kan. Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwé yẹn títí ó fi kú. Alhaja ní nígbà tí òun dé Weston, tí òun bá ara òun lẹ́yìn kọ́tìnì níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ka orí òun, ojú ń ti òun, àfi bí ẹni pé ìyá òun ń wò òun.

Nígbà ogun abẹ́lé, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì n’Íbàdàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sójú ogun, kò padà, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ìyẹn ló fà á tí Alhaja fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Weston Road ní gbogbo Sátidé lọ́dún 2003, nígbà tí wọ́n ń múra ogun Iraq. Òun àti obìnrin òyìnbó mẹ́rin ni. Ó gbé páálí tó kọ “Ẹ má jà” sí lọ́wọ́, ó kọ òyìnbó rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo rántí páálí yẹn. Mo wakọ̀ kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo tẹ hóònù mọ́ ọn gbọnrangandan láti fi bú u. Àṣé obìnrin yìí rò pé mò ń kí òun kú iṣẹ́ ni. Ó ń sọ fún Hikmat pé nínú gbogbo ọkùnrin ilé wa, Mùnírù yìí nìkan ló dá òun lóhùn, pé inú òun dùn lọ́jọ́ náà débi pé òun ò mọ òtútù lára mọ́. Mo mu omi.

Ìbò tí wọ́n ń wá, ọdún 2006 ló tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọdún méje lẹ́yìn ọ̀rọ̀ búùtù, nígbà tí alága mìíràn jẹ. Kàfáyàtù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìbò. Ẹni tí mo lòdì sí ló dìbò fún, ó sì sọ fún mi nídìí oúnjẹ, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ọkùnrin yẹn wọlé.

Èyí tó dùn mọ́ Hikmat nínú jù ni ti ọdún 2011. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ pín sí méjì nítorí ọjọ́ tó yẹ kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti rí oṣù ní Mẹ́kà. Àwọn kan ní àfi kí àwọn fojú ara àwọn rí i lókè Toronto, ìkùukùu ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan kan. Èèyàn méjì á jọ wọ lííftì láti àjà kẹrìnlá dé ìsàlẹ̀, wọn ò ní kí ara wọn. Alhaja lọ bá àwọn obìnrin apá méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹnu kò pé ìkòkò ìṣínu kankan ò ní gorí iná títí àwọn ọkùnrin á fi jókòó pọ̀. Dàbínù àti omi la fi ṣínu fún ọjọ́ mẹ́jọ. Èmi ni mo le jù lápá tèmi. Ní ọjọ́ kẹjọ, Kàfáyàtù bu ìrẹsì síwájú ara rẹ̀ ní kíṣìnì, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibi ìpàdé ìlàjà. Láti ìgbà náà, bí ìjà bá ti bẹ́ nínú ẹgbẹ́, Alhaja ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ó ti bá tọkọtaya, ó ti bá onílé àti ayálégbé, ó ti bá lèmọ́mù méjì parí ìjà.

Ní Sátidé kẹta ni Hikmat bi í bóyá nǹkan kan wà tó ń dùn ún títí di òní.

“Àbíkẹ́ ni,” ó ní. “Mo ń bá àjèjì parí ìjà káàkiri. Ẹni tí mo di lọ́wọ́ mú nínú ọkọ̀ òfurufú nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí, n ò bi í lẹ́ẹ̀kejì.”

Hikmat bi í bí òun ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ bàtà náà. Alhaja ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí: méjìdínlógún lápá ọ̀tún, ẹyọ kan lápá òsì, obìnrin kan ló yẹsẹ̀. Ó ní kó má dárúkọ, ṣùgbọ́n kó má purọ́, nítorí àwọn ọmọ ló máa kà á. Hikmat ní kò sí àgbàlagbà kan ní Weston tí kò mọ ẹni tó ni búùtù náà. Alhaja ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tójú rí lẹnu ń sọ. Kàfáyàtù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó ta Àbíkẹ́ nù. Nígbà tí ìyá Àbíkẹ́ kú, tí wọ́n ṣe fídáù ní Bolton, wọ́n pè wá. Kàfáyàtù ní òun ò ní fẹsẹ̀ òun tẹ ilé ọ̀dàlẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń jẹun mi lọ.

Hikmat ní òun ò ní kọ ọ̀rọ̀ èèyàn sílẹ̀ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Bolton. Kàfáyàtù ní ara òun ò yá.

Àbíkẹ́ ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ Alameen ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Bí a ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó fún wa ní náílọ́nù kọ̀ọ̀kan, ó ní ká kó o sínú rẹ̀ ká mú un wọlé. Ọmọ Alameen kékeré kan fi òyìnbó sọ fún wa pé bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn. Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọdún 1999, òun kì í fi bàtà òun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ní tí òun bá ń kírun, náílọ́nù bàtà òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tí òun á máa fi ojú kan ṣọ́ ọ, kí Ọlọ́run foríjì òun.

Ó fún wa ní tíì àti àkàrà, ó dá Hikmat lóhùn gbogbo ohun tó bi í, láìbínú. Ó yìn Alhaja. Ó ní kò sí obìnrin bí i rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó yíjú sí mi.

“Mùnírù, ìwọ lo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń wá ọjọ́ tí màá bi ọ́. Ṣé o ò rí ẹni tó gbé e?”

“Ó ti pẹ́, Ìyá Alameen,” mo ní.

“Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ìgbà kan wà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá èmi ni mo bọ́ ọ síbẹ̀. Mo ní bóyá orí mi ò pé lọ́jọ́ náà. Mo tiẹ̀ lọ rí dókítà.”

Mo dá àkàrà ọwọ́ mi padà sínú àwo. Ó rò pé ata ló ta mí, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ó kù díẹ̀ ká dé nígbà tí Hikmat yíjú sí mi. Ó wá ní ẹnì kan ló gbé búùtù yẹn. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀.

“Uncle, ẹni tó ṣe nǹkan kì í gbé bàtà ẹ̀ sínú náílọ́nù fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.”

Mo ní kó bá mi dín ooru ọkọ̀ kù. Ó dín in kù. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà máa lọ sílé ìtẹ̀wé, pé bí Alhaja ṣe sọ ọ́ lòun máa kọ ọ́, nítorí òun ò ní ẹ̀rí mìíràn.

Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń ṣe táyà, mo sì ń bá ara mi ṣẹjọ́. Mo ní ṣebí obìnrin ti ń dìbò, ṣebí Àbíkẹ́ náà rí ọmọ, ó rí ọmọ-ọmọ. Mo ní ṣebí Alhaja ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo rò ó dáadáa. Bí mo bá ti rò ó tán, màá tún gbọ́ ibi tí Àbíkẹ́ ti ń sọ pé bóyá orí òun ò pé. Ìwé kì í kú. Bí wọ́n bá tẹ èyí jáde, ọmọ kékeré tó ń fi òyìnbó sọ̀rọ̀ yẹn á kà á, á sì mọ̀ pé ìyá àgbà òun ni. Èmi tí mo fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n bínú nítorí pé wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, ìwé náà ni màá wá fi ba ẹlòmíràn jẹ́. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni Kàfáyàtù. Ogójì ọdún la ti fẹ́ ara wa. Ó mọ̀ pé mo le. Kò mọ̀ pé mo lè ṣe irú èyí.

Ní Ọjọ́rú, mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí èèyàn bá kú. Mo pe Hikmat pé kó má lọ sílé lẹ́yìn kíláàsì, kó pàdé wa lọ́dọ̀ Alhaja. Mo pe Kàfáyàtù, mo ní kó múra. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. A wakọ̀ lọ sí Bolton. Mo wọlé lọ bá Àbíkẹ́, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún òun àti Alhaja, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì lè sọ ọ́. Ó wò mí pẹ́ títí. Ó lọ wọ kóòtù rẹ̀.

Òun àti Kàfáyàtù jọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí a dé orí ọ̀nà márosẹ̀ 401, Kàfáyàtù kí i kú ará fẹ́ra kù ti ìyá rẹ̀, ikú ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Àbíkẹ́ ní, “O ṣé o, Ọlọ́run á bá wa dá àwọn tó kù sí.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ àti orúnkún tó ń dun olúkúlùkù.

Nígbà tí a wọlé, Alhaja rí ẹni tó tẹ̀ lé mi, ó di apá àga mú, ó dìde. Àbíkẹ́ kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

“Ẹ káàsán, Alhaja.”

“Àbíkẹ́,” Alhaja ní. Ó na ọwọ́, ó fà á dìde. Wọ́n jókòó, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àga gígùn náà, ọ̀kan ní ìparí rẹ̀. Kàfáyàtù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Hikmat. Fóònù wà lórí tábìlì bó ṣe máa ń wà. Alhaja ní kí n jókòó. Mo ní bóyá kí n dúró ná.

Mo ti rò ó láti Weston bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n lè mọ ohun tó fà á. Nígbà tí mo ya ẹnu, mo rí i pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, màá tún gba ara mi láre.

“Èmi ni mo gbé e,” mo ní.

Hikmat na ọwọ́ sí fóònù láti pa á. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé náà, Mùnírù Ṣíwọlá, kó má bò mí láṣìírí. N ò wo Kàfáyàtù. Àbíkẹ́ ni mo yíjú sí.

“Ìyá Alameen, ọ̀tún lẹ bọ́ ọ sí. Mo fojú ara mi rí yín. Orí yín pé. Ìgbà tí gbogbo yín ń kírun ni mo gbé e lọ sí òsì. Ọkọ yín ò mọ̀, alága ò mọ̀, ẹnikẹ́ni ò rán mi. Alhaja ni mo ń bínú sí, ẹ̀yin ni mo fìyà jẹ. Wọ́n bi mí, mo ní ẹnikẹ́ni ò kọjá.” Mo wá wo Alhaja. “Obìnrin kankan ò yẹsẹ̀, Alhaja. Mọ́kàndínlógún lẹ jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ pé.”